Ẹni tí Ó Sorí Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́, àti Bí Ó Ṣe Lè Rí Ẹnìkejì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ láti sọ ní gbangba. Ó jẹ mọ́ àwọn tí ó ń jí ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọ aṣọ, tí wọ́n sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn wúwo láti àárọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n jókòó láàárín ogún ènìyàn, síbẹ̀ wọ́n dá wà. Ẹnìkan nínú wọn lè jẹ́ akọ̀wé báǹkì ní Èkó. Òmíràn lè jẹ́ olùkọ́ tí ìjọba gbé lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Òmíràn lè jẹ́ ọmọ wa kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a fẹ́ wádìí ni èyí: ọ̀nà wo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà rí ẹnìkejì níbi iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àìsàn náà gan-an ni ó ń sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Ohun tí ìsoríkọ́ jẹ́

Kò sí ẹni tí ìbànújẹ́ kì í bá. Bí òfò bá ṣe ènìyàn, tàbí bí ohun tí ó gbójú lé bá já a kulẹ̀, inú rẹ̀ a bàjẹ́; lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọkàn rẹ̀ a tún sọjí. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwúwo ọkàn bá wà lára ènìyàn ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ohun tí ó ti máa ń dùn mọ́ ọn kò bá dùn mọ́ ọn mọ́. Tí oorun kọ̀ tàbí tí ó pọ̀ ní àpọ̀jù. Tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu. Tí ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́ kan. Tí kò lè fi ọkàn sí ohun tí ó ń ṣe. Tí ó sì ń rò pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni: nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí bá péjọ sí ara ẹnìkan ni àwọn oníṣègùn ń pè é ní àìsàn ìsoríkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé àwọn tí àìsàn yìí ń bá jà ní gbogbo ayé ju 280 mílíọ̀nù lọ. Ní ọdún 2022, àjọ kan náà sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tó bílíọ̀nù 12 ni ìsoríkọ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn ń gbà mọ́ aráyé lọ́wọ́ ní ọdún kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan a máa wí pé àìsàn òyìnbó ni èyí, pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Dókítà Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè bí ara àti ọkàn wọn ti rí. Ní 1963 ni ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn wa kò kó àwọn àmì wọ̀nyí jọ sábẹ́ orúkọ àìsàn kan ṣoṣo, àwọn àmì náà wà láàárín ará oko àti ará ìlú. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i: a ń sọ pé ẹnìkan sorí kọ́, pé ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, pé ó ń ronú, pé ayé sú u. Bí ohun náà kò bá sí láàárín wa, a kì bá tí ní ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún un.

Bí ilẹ̀kùn ti ń sé

Ẹ jẹ́ kí á wo bí àìsàn yìí ti ń ṣe ènìyàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo kò ní agbára láti dáhùn ẹ̀fẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ń lọ jẹun ní ọ̀sán, a wí pé ebi kò pa òun. Ó ń kí ènìyàn pẹ̀lú ohùn kékeré, tàbí kí ó kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí àìsàn. Ìṣe rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Nítorí náà wọ́n a wí láàárín ara wọn pé, “Agbéraga ni; ẹ fi í sílẹ̀.” Wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí òun náà bá rí i pé wọn kò pe òun mọ́, a wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn kò fẹ́ràn mi.” Báyìí ni èrò àìsàn ṣe rí ẹ̀rí tí yóò gbé ara lé, tí ìdáwà sì ń bí ìdáwà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, ṣùgbọ́n kò sí wọ́dà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ìdáwà yìí kì í ṣe ohun kékeré. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2025, wọ́n sọ pé ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà ní ayé ni ó ń jìyà rẹ̀, wọ́n sì ṣírò pé ikú tí ó ju 871,000 lọ ní ọdún kan ni ó ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró lórí òwe yìí nìkan, a ó máa pàṣẹ fún aláìsàn pé kí ó sọ̀rọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni ó ṣòro fún un jù. A ní láti wá ilẹ̀kùn mìíràn tí ó rọrùn láti ṣí. Ní èrò tiwa, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú àáró

Àwọn baba wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èkíní ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá wà níwájú rẹ̀, bí ilé kíkọ́, yóò ránṣẹ́ pe ará, ọ̀rẹ́ àti àna, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn. Èkejì ni àáró. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ a fi ohùn ṣọ̀kan. Lónìí wọn yóò ro oko ẹni èkíní, ní ọjọ́ mìíràn wọn yóò ro oko ẹni èkejì, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Gbèsè ọwọ́ ni, kì í ṣe gbèsè owó. Ẹni tí a ro oko rẹ̀ lánàá mọ̀ pé ojú ń wá òun lónìí.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú àáró. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé kí inú ẹnìkan dùn kí ó tó wá. Ọkọ́ ni wọ́n ní kí ó mú wá. Bí ọkàn rẹ̀ bá tilẹ̀ wúwo, yóò dúró sí ẹsẹ̀ poro tirẹ̀, àwọn yòókù yóò wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, kò pọn dandan kí ó wo ojú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó ń rò pé òun kò wúlò yóò rí oko ẹlòmíràn tí ọwọ́ òun náà wà nínú ríro rẹ̀. Ìjiyàn kankan kò lè mú èrò àìwúlò kúrò bí èyí ti lè mú un kúrò.

Àwọn oníṣègùn ọkàn ti ìgbà wa náà mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́jú tí wọ́n ń lò fún ìsoríkọ́ dúró lórí èyí pé kí aláìsàn má ṣe dúró de ìgbà tí ara rẹ̀ yóò yá kí ó tó ṣe ohun rere kan. Kí ó kọ́kọ́ ṣe ohun kékeré náà, ní àkókò tí a dá fún un. Yíyá ara lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ohun tí a ṣe ní Àró, àti ohun tí a ń ṣe ní Harare

Nígbà tí Dókítà Lambo, ẹni tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ti ìlú òyìnbó dé, a fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Àró, ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, a kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí. Dókítà náà kò ká ọwọ́ gbera. Ó tọ àwọn àgbẹ̀ tí ó wà ní àwọn abúlé ìtòsí lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, kí a sì máa san owó ilé fún wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ẹbí rẹ̀ kan wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa bá a gbé. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì padà sí abúlé. Àwọn tí ara wọn bá gbà á a bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko.

A kò sọ pé oko ni ó wò wọ́n sàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àìsàn tí ó le ju ìsoríkọ́ lọ, oògùn àti ìtọ́jú dókítà kò sì ṣe aláìsí níbẹ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ní abúlé, aláìsàn kì í ṣe aláìsàn nìkan. Ó jẹ́ àlejò onílé, ó jẹ́ aládùúgbò, ó jẹ́ ẹni tí a ń kí ní ‘ẹ kú iṣẹ́’. Gbogbo ayé gbọ́ nípa ìlànà Àró yìí, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988.

Irú ọgbọ́n yìí kò mọ ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, àwọn Ṣónà ń pe irú ìdààmú yìí ní ‘kufungisisa’, èyí tí ó túmọ̀ sí ìrònú àpọ̀jù. Ní ọdún 2006, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àdúgbò Mbare ní ìlú Harare. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 bí a ti ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, àti bí a ti ń bá a wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro kan lẹ́yìn èkejì. Orí àga gígùn onípákó ní àgbàlá ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Nígbà tí a dán iṣẹ́ yìí wò láàárín ènìyàn 573 ní ilé ìwòsàn 24, tí a sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2016, a rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé ara àwọn tí ó bá àwọn ìyá àgbà jókòó yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú lásán lọ. Ohun tí ó tẹ̀ lé àga náà ni ó kàn wá jù lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. A máa ń pe àwọn tí ó ti jókòó lórí rẹ̀ wá sínú ẹgbẹ́ kan, níbi tí wọ́n ti jọ ń fi ọ̀rá tí a ti lò tẹ́lẹ̀ hun àpò. Ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́, ẹnu wọn sì ń sọ̀rọ̀. Àáró ni èyí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò ni wọ́n ń hun, tí kì í ṣe ebè ni wọ́n ń kọ.

Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo

Báwo ni akọ̀wé, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò ṣe lo ẹ̀kọ́ yìí?

Èkíní ni ìkíni. Èdè wa ti bá aláìsàn ṣe ìdajì iṣẹ́ náà tán, nítorí pé a ní ìkíni fún gbogbo iṣẹ́. A ń kí àgbẹ̀ pé, ‘Àroko bọ́dúndé o’. A ń kí onídìrí pé, ‘Ojú gbooro o’. A sì ń kí gbogbo òṣìṣẹ́ pé, ‘Ẹ kú iṣẹ́.’ Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wà ní sísẹ̀ tán. Kò sí ẹni tí ó ní láti dá wọn rò, wọn kò sì béèrè pé kí inú ẹni dùn. Kí ó pinnu láti kí ènìyàn kan, kí ó dárúkọ rẹ̀ tàbí oyè rẹ̀ mọ́ ọn, ní àràárọ̀.

Èkejì ni kí ó wá gbèsè ọwọ́ kékeré. Kí ó sọ fún ẹni tí ó wà nítòsí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ìṣirò yìí wò,” tàbí kí ó wí fún ẹni tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ fún mi ní ìdajì rẹ̀.” Ẹni tí ó bá ràn wá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan a máa rántí wa, ẹni tí a bá sì ràn lọ́wọ́ a máa wá wa.

Ẹ̀kẹta ni ibi kan àti àkókò kan. Kí ó yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí yóò bá ẹnìkan jẹun ọ̀sán, ì báà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ àjèjì di ojúlùmọ̀, bí kò ṣe rírí ara ẹni léraléra.

Ẹ̀kẹrin ni kí ó sọ ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé, fún ẹni kan tí ẹnu rẹ̀ mọ́. Kò ní láti ṣí gbogbo inú rẹ̀ payá. Ó lè wí pé, “Ara mi kò dá tó ní àkókò yìí. Bí ẹ bá rí mi tí mo dákẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bínú sí.” Gbólóhùn kan yìí tó láti já òkùn tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ẹni tí ó ti gbọ́ ọ kò lè pe àìsàn ní ìgbéraga mọ́.

Bí ó bá dán gbogbo èyí wò, tí ẹni àkọ́kọ́ kò sì dá a lóhùn dáadáa, kí ó má ṣe gbà pé ìdájọ́ ti dé. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ní ẹrù tirẹ̀. Kí ó tún gbìyànjú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ àti àwọn ọ̀gá

Gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀yin tí ara yín dá, ẹ má ṣe tètè fi orúkọ burúkú pe ẹni tí ó dákẹ́. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ìyà àwọn mìíràn ju tirẹ̀ lọ. Ó ti mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ náà sì tún ń dá a lẹ́bi. Ẹ jókòó tì í. Ẹ fún un ní ipa kan nínú ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé a rí i nígbà tí kò wá. Ohun tí ó bá sì sọ fún yín, ẹ má ṣe gbé e dé inú ọ́fíìsì kejì.

Ẹ̀yin ọ̀gá, a ní láti sọ òtítọ́ fún yín pẹ̀lú. Ibi iṣẹ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń sọ ènìyàn di aláìsàn: níbi tí a ti ń jágbe mọ́ àgbàlagbà lójú àwọn ọmọ kékeré, tí a kò san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ nígbà tí ó yẹ, tí a sì di iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ru ẹnìkan. Ọ̀rẹ́ rere kò lè dípò owó oṣù. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022, wọn kò dẹ́kun sí pé kí òṣìṣẹ́ ṣe ọkàn gírí. Wọ́n ní kí a tún ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, kí a sì kọ́ àwọn ọ̀gá láti mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dààmú.

Ibi tí agbára ọ̀rẹ́ mọ

Ẹlẹgbẹ́ ẹni kì í ṣe dókítà. Bí ìsoríkọ́ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sì fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ìtọ́jú wà fún un. Bí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ikú, tàbí pé ì bá sàn kí òun má sí, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ bá a lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn Yábàá ní Èkó ti ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1907, Àró sì wà ní Abẹ́òkúta títí di òní. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọkàn ní Nàìjíríà, èyí tí ó gba ipò òfin 1958 tí ó ń pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní wèrè. Ó yẹ kí ahọ́n wa náà yí padà bí òfin ti yí padà.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ yóò wí pé onígbàgbọ́ kì í sorí kọ́. Kí wọ́n rántí wòlíì Èlíjà lábẹ́ igi ní aginjù, tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí òun kú. A kò bá a wí. A jẹ́ kí ó sùn, a fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà a fún un ní iṣẹ́ àti ẹnìkejì. Níbo ni ó sì ti rí Èlíṣà? Lẹ́nu iṣẹ́ ni, níbi tí ó ti ń fi màlúù túlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà sí ibi iṣẹ́ yín ní ọjọ́ Ajé, ẹ wo àyíká yín dáadáa. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, ẹ kí ènìyàn kan. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ wá ẹni tí ó ń dá jẹun, kí ẹ gbé àga yín súnmọ́ tirẹ̀.